ÀṢẸ LÓRÍ ẸRAN ÌGBẸ́: LÁTI IGBÓ ÈKÌTÌ DÉ ẸNU IBODÈ

Iṣẹ́ ọdẹ jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn iṣẹ́ tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba ńlá Yorùbá. Ṣàṣà ni ìlú ní ilẹ̀ Èkìtì, ìbáà ṣe Adó, ìbáà ṣe Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ẹmùré tàbí Ìyìn, tí a óò pìtàn rẹ̀ tí a kò ní dárúkọ ọdẹ. Ọdẹ ni ó ń wá ẹran fún ìlú, òun ni ó ń ṣọ́ ìlú lóru, òun náà ni ó sì mọ inú igbó bí ẹni mowó. Nítorí náà, ohun tí ọdẹ bá mú ti inú igbó bọ̀ kì í ṣe ẹran ọbẹ̀ lásán. Awọ rẹ̀ lè di ìtẹ́lẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ọba, ìyẹ́ rẹ̀ lè di ọ̀ṣọ́ lórí adé, eyín rẹ̀ lè di fèrè, egungun àti ìpẹ́ rẹ̀ sì lè di èlò lọ́wọ́ oníṣègùn.

Ní ayé àtijọ́, inú ìlú tàbí ìlú tí ó múlé tì í ni ìrìn-àjò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń parí sí. Ṣùgbọ́n lóde òní, ọmọ Èkìtì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wà ní Amẹ́ríkà, ó sì wà ní Jámánì. Bí ó bá fẹ́ ṣe ìnáwó níbẹ̀, bí ó bá fẹ́ jẹ oyè, tàbí bí ẹgbẹ́ eléré bá fẹ́ lọ fi àṣà ilẹ̀ wa han àwọn àjèjì, wọn yóò fẹ́ kó àwọn nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé yìí dání. Ẹnu ibodè ni ọ̀rọ̀ ti ń di wàhálà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé. Ká sọ pé ẹgbẹ́ eléré ìbílẹ̀ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Adó-Èkìtì rí ìwé ìpè gbà láti wá ṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń di àpótí. Wọ́n kó ìlù dùndún àti ìrùkẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀. Wọ́n fi fìlà olóyè kan sí i tí ìkóódẹ wà lára rẹ̀, wọ́n fi fèrè tí a fi eyín erin gbẹ́ sí i, ẹnì kan sì fi ọ̀yà gbígbẹ díẹ̀ há ẹ̀gbẹ́ kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti pẹ́ ní òkè òkun. Níkẹyìn, wọ́n lọ bá ọdẹ àgbà kan pé kí ó yá àwọn ní awọ ẹkùn tí ó wà nílé rẹ̀. Baba náà fún wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ tí ó ń darí wọn sọ pé, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá a nílò ìwé àṣẹ o," inú bí baba. Ó ní, "Bàbá mi ni ó pa ẹkùn yìí. Ọba ni ó sì fi awọ rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Ọwọ́ ta ni kí n tún ti lọ gba àṣẹ?"

Ìbéèrè ńlá ni baba yìí béèrè, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìdáhùn rẹ̀ ni ìjíròrò yìí dá lé.

ÀṢÀ ÀWỌN BABA ŃLÁ

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a rántí ni pé, láyé àtijọ́ pàápàá, kì í ṣe gbogbo ẹran tí ọdẹ bá pa ni ó ní àṣẹ láti ṣe bí ó ti wù ú. Ọdẹ tí ó bá pa ọ̀yà tàbí òkété lè gbé e lọ sílé, kí ó sè é jẹ, tàbí kí ó tà á. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ọdẹ tí ó bá pa ẹkùn kò gbọdọ̀ bó awọ rẹ̀ sínú oko kí ó sì dákẹ́. Ààfin ni yóò gbé e lọ. Ọba ni ó ni awọ náà, ọba ni yóò sì fi ẹ̀bùn dá ọdẹ lọ́lá. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ erin rí: ẹ̀tọ́ ọba wà lára eyín rẹ̀.

Kí ni ìtumọ̀ àṣà yìí? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìlú ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé ẹranko kan wà tí ó ju ẹran ẹnì kan lọ. Ọdẹ ni ó pa á, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni ó ni ín, ọba sì dúró fún ìlú. Kí ẹ̀yà ara irú ẹran bẹ́ẹ̀ tó ti ibì kan dé ibòmíràn, ẹni tí ó dúró fún gbogbo ènìyàn ní láti mọ̀ sí i. Bí a bá wò ó dáadáa, àṣẹ ni èyí, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìyàtọ̀ kan ni ó wà láàárín àṣẹ ti àtijọ́ àti ti òde òní. Ohun tí àṣẹ àtijọ́ ń béèrè ni pé: Ta ni iyì ẹran yìí tọ́ sí? Ohun tí àṣẹ òde òní ń béèrè ni pé: Mélòó ni ó kù nínú igbó?

ÌBÉÈRÈ TUNTUN

Ìbéèrè kejì yìí ni ó mú kí àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Washington ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1973, tí wọ́n sì fi ẹnu kò lórí àdéhùn tí a ń pè ní CITES ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún náà. Nàìjíríà kò kẹ́yìn rárá. Ó wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ tẹ́wọ́ gba àdéhùn náà ní ọdún 1974, àdéhùn náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 1975. Lónìí, àwọn tí ó ti wọ inú rẹ̀ lé ní 180. Nítorí náà, kì í ṣe òfin tí òyìnbó kan gbé kalẹ̀ láti fìyà jẹ ọdẹ Èkìtì. Àdéhùn tí orílẹ̀-èdè wa fúnra rẹ̀ bá wọn dá ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àdéhùn náà pín àwọn ẹ̀dá sí. Ìsọ̀rí kìn-ín-ní ni àwọn tí ìparun ti sún mọ́. A kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Nínú àwọn tí a mọ̀ ní ilẹ̀ wa, ẹkùn, erin, ìnàkí, ọ̀nì, akíka àti odídẹrẹ́ wà níbẹ̀. Ìsọ̀rí kejì ni àwọn tí ìparun kò tíì dé bá, ṣùgbọ́n tí ó lè dé bá wọn bí a kò bá fi òṣùwọ̀n sí òwò wọn. Erè àti awọ́nríwọ́n wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀yà ọ̀bọ tí kò bá sì sí nínú ìsọ̀rí kìn-ín-ní, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ìsọ̀rí kẹta ni àwọn tí orílẹ̀-èdè kan, ó kéré tán, ń dáàbò bò, tí ó sì bẹ àwọn yòókù kí wọ́n ran òun lọ́wọ́.

Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ láti fi ẹsẹ̀ àdéhùn yìí múlẹ̀ ní ọdún 1985. Òfin náà to orúkọ àwọn ẹranko sí àkọsílẹ̀ méjì. Àwọn tí ó wà nínú èkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dọdẹ wọn, kò gbọdọ̀ mú wọn láàyè, kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣòwò. Àwọn tí ó wà nínú èkejì, ẹni tí ó bá gba ìwé àṣẹ nìkan ni ó lè fọwọ́ kàn wọ́n. Owó ìtanràn ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ lórí àkọsílẹ̀ kìn-ín-ní jẹ́ ₦1,000 nígbà náà. Ní ọdún 2016, wọ́n sọ ọ́ di ₦5,000,000. Ní ọdún 2025, àwọn aṣòfin ní Àbújá tún fọwọ́ sí àbá òfin tuntun tí ó mú ìjìyà náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹnì kan bá ń rò pé wọ́n le jù, kí ó wo ọ̀rọ̀ akíka, ẹran tí ìpẹ́ bò lára, tí ń jẹ èèrà àti ikán. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀rù bá bà á, kì í sá; ńṣe ni yóò ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká. Ẹ̀tàn yìí lè gbà á lọ́wọ́ ẹkùn, ṣùgbọ́n kò lè gbà á lọ́wọ́ ènìyàn, nítorí pé ńṣe ni ènìyàn yóò kàn bẹ̀rẹ̀ tí yóò gbé e sínú àpò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ Singapore já ẹrù kan tí ó ti Nàìjíríà wá, tí ó sì ń lọ sí Vietnam. Tọ́ọ̀nù 12.9 ìpẹ́ akíka ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n tún já òmíràn tí ó ti Nàìjíríà wá: tọ́ọ̀nù 12.7. Òótọ́ ni pé kì í ṣe igbó Nàìjíríà nìkan ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti ń wá, nítorí pé àwọn oníṣòwò máa ń kó ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Síbẹ̀, ìpẹ́ akíka kan kò tó nǹkan lórí òṣùwọ̀n. Kí ó tó di tọ́ọ̀nù méjìlá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran ti kú. Kò sí àgbo tí ẹnikẹ́ni ń sè ní Ọjà Ọba ní Adó tí ó lè jẹ tó bẹ́ẹ̀. Òwò ni, kì í ṣe ìṣègùn.

INÚ ÀPÓTÍ NÁÀ

Ó yẹ kí a padà sídìí àpótí àwọn eléré wa, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé kì í ṣe òfin kan náà ni ó de gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀.

Awọ ewúrẹ́ ni ó wà lójú ìlù, ìrù màlúù tàbí ti ẹṣin ni a sì fi ṣe ìrùkẹ̀rẹ̀. Ẹran ọ̀sìn ni wọ́n, wọn kò sí nínú àkọsílẹ̀ CITES. Ohun tí wọ́n nílò ni ìwé ẹ̀rí pé wọn kò gbé àrùn dání, èyí tí àjọ NAQS ń fúnni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe di awọ tútù mọ́ ẹrù, nítorí pé awọ tí a kò tíì ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀ wà lára ohun tí Nàìjíríà kà léèwọ̀ láti kó jáde.

Ìkóódẹ ara fìlà yàtọ̀. Ìrù odídẹrẹ́ ni. Ní ọdún 2016, níbi ìpàdé CITES ní Johannesburg, wọ́n gbé odídẹrẹ́ àti gbogbo ẹ̀yà akíka lọ sí ìsọ̀rí kìn-ín-ní. Òfin náà kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín odidi ẹyẹ àti ìyẹ́ kan ṣoṣo. Bí a ṣe lè dá a mọ̀ pé ara rẹ̀ ni ó ti wá, òfin ẹyẹ náà de ìyẹ́ náà.

Fèrè eyín erin ń pe òfin méjì jáde. Ti CITES ni àkọ́kọ́. Bí ẹ̀rí bá wà pé fèrè náà ti wà kí erin tó wọ àkọsílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ó ṣáájú àdéhùn. Èkejì ni òfin ọdún 1979 tí ó dá àjọ tí ń tọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀. Bí fèrè náà bá jẹ́ ohun àtayébáyé, kò gbọdọ̀ jáde ní orílẹ̀-èdè yìí láìjẹ́ pé àjọ náà fọwọ́ sí i.

Ní ti ọ̀yà, kò sí nínú àkọsílẹ̀ CITES rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni èyí máa ń tàn jẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí arìnrìn-àjò gbé ẹran jíjẹ láti Nàìjíríà wọlé, ìbáà ṣe tútù, ìbáà ṣe gbígbẹ. Amẹ́ríkà náà ti fi òfin de àwọn ẹran bí eku láti Áfíríkà láti ọdún 2003, nígbà tí àwọn eku tí wọ́n kó láti Gánà gbé àrùn tí ó jọ ìgbóná dé ọ̀dọ̀ wọn. Níbi yìí, ìbéèrè náà ti kúrò ní "mélòó ni ó kù?" Ó ti di "àrùn wo ni ó lè gbé wọlé?" Ẹni tí ó bá dáhùn ọ̀kan kò tíì dáhùn èkejì.

Awọ ẹkùn baba àgbà ni ó gbẹ̀yìn. Ìsọ̀rí kìn-ín-ní ni. Láìsí ìwé àṣẹ, kò gbọdọ̀ rí pápákọ̀ òfurufú sójú.

BÍ A ṢE Ń GBA ÌWÉ ÀṢẸ

Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Àbújá ni ó ní àṣẹ láti fúnni ní ìwé CITES ní Nàìjíríà. Àjọ NESREA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, àti àwọn aṣọ́bodè ni ó ń rí i pé a kò tẹ òfin náà lójú. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba ní Adó-Èkìtì ní agbára lórí igbó ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n bá kọ kò lè mú ẹrù kọjá ibodè, nítorí pé òwò láàárín Nàìjíríà àti ilẹ̀ òkèèrè jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ òfin ìpìlẹ̀. Lẹ́tà láti ààfin, bí ó ti wù kí ó níyì tó, kò lè rọ́pò rẹ̀.

Kí a tó fúnni ní ìwé náà, ìbéèrè méjì pàtàkì ni a gbọ́dọ̀ dáhùn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ìjọba yàn ní láti sọ pé kíkó ohun náà jáde kò ní pa irú ẹranko bẹ́ẹ̀ lára nínú igbó. Ìjọba sì ní láti rí i dájú pé ọ̀nà tí ó bófin mu ni a gbà ní ohun náà lọ́wọ́. Bí ẹran náà bá wà láàyè, ìbéèrè kẹta dé: bí a óò ṣe gbé e kí ó má bàa jìyà. Bí ó bá jẹ́ ti ìsọ̀rí kìn-ín-ní, orílẹ̀-èdè tí ń gbà á gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ kọ ìwé àṣẹ tirẹ̀, kí ó sì dá a lójú pé kì í ṣe òwò ni a fẹ́ fi ṣe. Ẹrù kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwé tirẹ̀. Ìwé àṣẹ ìkójáde kì í sì lò ju oṣù mẹ́fà lọ.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní ohun kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí a ń tọrọ kí a tó ṣe nǹkan ni àṣẹ. Ohun tí a ń tọrọ lẹ́yìn tí a ti ṣe é ni àforíjì. Ẹni tí ó dé ibodè kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé kò tọrọ àṣẹ mọ́; ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀, aṣọ́bodè kò sì ní agbára láti dárí jì í.

Ìdí mìíràn tún wà tí ìwé náà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Láti ọdún 2005 títí di 2011, àjọ CITES sọ fún gbogbo àwọn tí ó wà nínú àdéhùn pé kí wọ́n dá òwò àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ dúró pẹ̀lú Nàìjíríà, nítorí pé a kò mú òfin náà ṣẹ bí ó ti yẹ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àti olóòótọ́ àti oníjìbìtì, ojú kan náà ni òkè òkun fi wò wọ́n. Ẹni tí ó bá ra ìwé ayédèrú kò ba ara rẹ̀ nìkan jẹ́. Ó ba ọ̀nà jẹ́ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

ṢÉ ÒFIN Ń PA ÀṢÀ NI?

Àwọn kan ń sọ pé òfin yìí yóò pa àṣà wa. Wọ́n ní adé kì í pé láìsí ìkóódẹ, oníṣègùn kì í ṣiṣẹ́ láìsí èlò, ọdẹ tí kò bá sì pa ẹran, ebi ni yóò pa á. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé dà nù. Ọdẹ tí ń gbé létí igbó kọ́ ni ó ń kó tọ́ọ̀nù méjìlá gba etí òkun. Ṣùgbọ́n òun ni ọlọ́pàá máa ń kọ́kọ́ rí mú. Ó tọ́ kí ìjọba tí ń fi òfin dè é lọ́nà kan tún là á lọ́nà mìíràn, bí àpẹẹrẹ nípa ọ̀yà sísìn, tí àwọn kan ti ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ odídẹrẹ́. Yorùbá máa ń ṣe àdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ. Inú ihò igi ńlá tí ó ti gbó ni ẹyẹ yìí ń pamọ sí. Bí a bá gé igi tán, tí a sì fi àwọ̀n kó èyí tí ó kù, ó ti kú sí oko ìwájẹ nìyẹn, àdúrà náà yóò sì di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Igbó Ìsẹ̀, tí ó jẹ́ igbó ọba ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, wà lára àwọn ibi díẹ̀ tí ìnàkí ṣì kù sí ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Bí ó bá parun níbẹ̀, ọmọ Èkìtì yóò máa pe orúkọ rẹ̀ láìmọ ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí. Àṣà kò lè wà láàyè nígbà tí ohun tí ó gbé e ró bá ti kú. Òfin tí ń béèrè iye tí ó kù ń bá àṣà ṣọ́ ilé ni.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ orúkọ àwọn ẹranko ní èdè abínibí, tí ó sì mọ ìsọ̀rí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, yóò lè dá òbí àti ìbátan rẹ̀ lẹ́kun kí wọ́n tó di ẹrù tí yóò mú ìtìjú bá wọn. Ó sàn kí ẹgbẹ́ eléré wa fi aṣọ tí a yà bí awọ ẹkùn ṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n sì fi ìyẹ́ adìyẹ tí a pa láró rọ́pò ìkóódẹ, ju kí wọ́n sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ijó tí wọ́n bá jó kò ní dín.

Kí ni ìdáhùn sí ìbéèrè baba àgbà? Òun fúnra rẹ̀ ti dáhùn rẹ̀ láìmọ̀. Ó ní bàbá òun ni ó pa ẹkùn náà, ó sì ní ọba ni ó fi awọ rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Kí bàbá rẹ̀ tó gbé awọ yẹn wọ ilé, ó ti kọ́kọ́ gbé ẹkùn náà lọ sí ibi tí àṣẹ wà. Ohun tí olùkọ́ náà ń sọ kò ju pé kí ọmọ ṣe bí bàbá ti ṣe. Ààfin ti súnmọ́ ilé nígbà náà. Ó ti jìnnà díẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá ti máa ń wí, ìlú tí kò bá sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Igbó tí kò bá sì sí òfin, láìpẹ́, ẹran kò ní sí níbẹ̀.